Sítíkà Pupa Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Tábìlì Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jókòó. Tí ẹ bá ní àga tó bá yín lára mu, ẹ jókòó sínú rẹ̀ dáadáa kí ẹ gbádùn rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àga lọ̀rọ̀ mi. Àga ló sọ mí di òpùrọ́ lọ́mọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Mi ò jalè. Mi ò kó obìnrin. Ohun tí mo ṣe ò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó rí róbótó, ó pupa, gọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìyàwó mi dúró láàárín pálọ̀ wa, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó wá mí kanlẹ̀.

"Bàbá wọn," ó ní, "àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ. Àwa méjì la kù. Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù àlòkù la máa gbé títí ayé ni?"

Èmi náà wo pálọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀dà ògiri ti rí bíi tíì tó ti tutù, aṣọ fèrèsé náà sì ti ṣá díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò rí nǹkan kan.

"Kí ló ṣe é?" mo bi í.

"Ẹ ò lè mọ̀. Inú rẹ̀ lẹ ń gbé."

Olùkọ́ ìṣirò ni ìyàwó mi. Tó bá ti bi èèyàn ní ìbéèrè, kí onítọ̀hún mọ̀ pé ó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ti bá obìnrin kan tó ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ kó tó bi mí léèrè. Dẹkọrétọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló wọlé dé.

Màdáàmù oníbàtà gogoro ni mo ń retí. Obìnrin kékeré kan ló yọ, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀, téèpù ìwọ̀n lọ́rùn bíi ti télọ̀, pẹ́ńsù lẹ́tí. Ó wọn ògiri. Ó wọn fèrèsé. Ó wọn àlàfo tó wà láàárín àga àti ilẹ̀kùn. Díẹ̀ ló kù kó wọn èmi náà.

"Bàbá," ó ní, "kí lẹ máa ń ṣe nínú yàrá yìí?"

"Mo máa ń jókòó."

"Kí lẹ tún máa ń ṣe?"

Mo ronú díẹ̀. "Mo máa ń dìde."

Ó kọ méjèèjì sílẹ̀ nínú ìwé. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ẹ̀rù bà mí. Oníyẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo tẹ ìwé kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lọ́jọ́sí pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa fi ẹ̀yìn wọlé títí wọn yóò fi tún ilẹ̀ ṣe. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni akọ̀wé wa fi ẹ̀yìn wọlé, kò sì sẹ́ni tó rí ẹ̀rín lójú mi. Ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ ju tèmi lọ, ó yẹ kí n bẹ̀rù rẹ̀.

Obìnrin náà kó sítíkà jáde nínú àpò, róbótó-róbótó, àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ ewé.

"Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó dúró, ẹ lẹ àwọ̀ ewé mọ́ ọn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ lẹ pupa mọ́ ọn. Pupa márùn-ún péré ni mo máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mọ́mì á lẹ tiwọn, Dádì á lẹ tiwọn. Ohun tí ẹnì kan bá ti lẹ nǹkan mọ́, ẹnì kejì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ jiyàn."

"Tí ẹnì kejì ò bá wá gbà ńkọ́?"

"Bàbá, tọkọtaya mọ́kànlá ló ti jà níwájú mi nítorí àga. Láti ìgbà tí mo ti ń lo sítíkà, kò sẹ́ni tó jà mọ́. Sítíkà ló máa ń sọ̀rọ̀."

Ó ní lọ́jọ́ Túsìdeé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn alágbàrù òun máa wá kó gbogbo ohun tó bá ní pupa lára lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn ilé-ìwòsàn. Wọ́n nílò àga, wọ́n nílò kọ́bọ́ọ̀dù. Inú ìyàwó mi dùn. Èmi náà ní ó dáa, torí mi ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Mo lẹ pupa kan mọ́ ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń wọn bí mo ṣe sanra tó. Mo dá mẹ́rin yòókù padà.

Sátidé, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán, mo fẹ́ jókòó. Mo bá a lára apá ọ̀tún àga mi. Pupa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àga náà ṣe rí kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Àga onítìmùtìmù ni, àwọ̀ ilẹ̀. Apá rẹ̀ kan ti bó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, kàlẹ́ńdà tí oníbàárà kan ò wá gbà ni mo ká tí mo fi dí i. Ìjókòó rẹ̀ ti gba bátànì ara mi. Tí ẹ bá po símẹ́ńtì dà sínú rẹ̀, tí ẹ jẹ́ kó gbẹ, èmi gan-an lẹ máa gbé jáde. Kòtò ni ìyàwó mi ń pè é.

"Ìyá wọn," mo ké sí i, "mo rí nǹkan kan lára àga mi."

"Sítíkà ló ń sọ̀rọ̀."

"Ohun tó ń sọ ò dùn létí."

"Ẹ máa gbọ́ ọ lọ, á mọ́ yín lára."

Ọjọ́ kejì, ó gbé báàgì, ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ní ìlú míì. Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kó tó dé. Ó ku èmi, ó ku àga, ó ku sítíkà.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n kàn yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n obìnrin onítéèpù yẹn ti kà á, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: Mọ́mì, pupa márùn-ún. Tí kò bá pé márùn-ún, á bèèrè. Ó wá di dandan kí pupa kan náà lọ sára nǹkan mìíràn.

Mo jókòó, mo ń wo àyíká. Kò sí ohun tí mo lè fi ṣe é, àfi tábìlì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Tábìlì yẹn kúrú lẹ́sẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń fi orúnkún gbá a. Kò sí igun tí a gbé e sí tí orúnkún mi ò wá a débẹ̀. Bàbá ìyàwó mi ló kàn án, káfíńtà kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni mo fi pa àwàdà fún bàbá yẹn kí n tó fẹ́ ọmọ rẹ̀, mi ò rí eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti kú tipẹ́. Sítíkà àwọ̀ ewé wà lórí tábìlì náà, ìyàwó mi sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa.

Mo sọ fún ara mi pé, káfíńtà ni bàbá, gbogbo ilé àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló kún fún tábìlì. Tí ìkan bá lọ, kí ló ṣe? Mo tún sọ fún ara mi pé àwàdà ni. Tí ìyàwó mi bá dé, a máa rẹ́rìn-ín, màá sì ra tábìlì míì fún un, èyí tó ga.

Ẹ wò ó, nígbà tí èèyàn bá ń ṣàlàyé fún ara rẹ̀ báyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, kó yáa dìde kó lọ fọ abọ́.

Mi ò fọ abọ́. Mo fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sítíkà méjèèjì kí n lè pààrọ̀ wọn. Wọ́n yọ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ya sí méjì lọ́wọ́ mi.

Ibí ni ìwà òmùgọ̀ mi ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní pólì. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ kan dé ibẹ̀ yẹn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láàbọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, mo po íńkì pupa lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bá ti obìnrin yẹn mu. Mo po àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ẹ̀rọ gé wọn róbótó, etí wọn ò ní ìpalára kankan. Ìwé tí mo lò, òun ni a fi ń ṣe sítíkà ara ìgò òògùn.

Mo dé ilé, mo lẹ àwọ̀ ewé mọ́ àga. Mo lẹ pupa mọ́ tábìlì. Mo sún sẹ́yìn, mo wò wọ́n. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ kí ẹnì kan rí i.

Lọ́jọ́ Túsìdeé, dẹkọrétọ̀ dé pẹ̀lú alágbàrù méjì. Ọ̀kan nínú wọn ti hu irùngbọ̀n funfun. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé àga ìjẹun mẹ́ta tó ti ń mì. Wọ́n gbé fíríìjì àtijọ́ tí a fi ń kó bàtà sí, èyí tí ìyàwó mi lẹ pupa mọ́. Wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ tábìlì.

Dẹkọrétọ̀ dúró. "Bàbá, ó jọ pé Mọ́mì ní kí n bá àwọn wá àga kékeré tó máa bá tábìlì yìí mu o."

Ojú mi ò yí padà.

"Ẹ mọ àwọn olùkọ́," mo ní. "Wọ́n máa ń pa ìdáhùn rẹ́ kí wọ́n tó dá ìwé padà. Ìyàwó mi yí ọkàn padà ni."

Ó pe fóònù ìyàwó mi. Fóònù náà wà ní pípa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó ka sítíkà pupa ti Mọ́mì látorí ìkíní dórí ìkarùn-ún. Kọ́bọ́ọ̀dù kan, fíríìjì kan, àga méjì tí Mọ́mì lẹ̀, tábìlì kan. Ó pé. Àga ìjẹun kẹta ò tiẹ̀ ní sítíkà, èmi ni mo fi kún un kí ọwọ́ mi lè dà bí ọwọ́ ọ̀làwọ́.

"Ó dáa," ó ní. "Sítíkà ti sọ̀rọ̀."

"Bó ṣe wí náà nìyẹn," ni mo fèsì.

Tábìlì ò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Alágbàrù onírùngbọ̀n tẹ orí wò ó.

"Ọ̀gá, wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ ibí yìí o. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́."

Gíláàsì mi ò sí lójú. "Ìwọ̀n tí káfíńtà kọ ni."

"Ó gùn o."

"Káfíńtà náà gùn."

Wọ́n gbé e lọ.

Láti Túsìdeé di Tọ́sìdeé, àwọn ọlọ́dà ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, pálọ̀ wa ti di pálọ̀ ẹlòmíì. Ògiri rí bí òkúta tí omi ti fọ̀. Aṣọ fèrèsé balẹ̀ jẹ́ẹ́. Sófà tuntun kan jókòó bí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Láàárín gbogbo rẹ̀, àga mi wà níbẹ̀, ó rí bí ẹni tó ti oko dé bá ìgbéyàwó.

Mo jókòó sínú rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú. Tí mo bá dìde, tí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, orúnkún mi á dá dúró, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sì sí ohun tó gbá a. Bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn tó rò pé ìkan ṣì kù.

Jímọ̀ dé. Dẹkọrétọ̀ wá láti fi iṣẹ́ lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi wọlé, ó ju báàgì sílẹ̀, ó bo ẹnu.

"Háà! Ẹ wo ògiri! Ẹ wo fèrèsé! Ṣé ilé mi rèé?" Ó ń fọwọ́ pa gbogbo nǹkan lára. Ó wá dé ọ̀dọ̀ àga. "Kí ni Kòtò ń ṣe níbí?"

"Àwọ̀ ewé ló wà lára ẹ̀," mo ní.

Ó wo sítíkà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà mi tó mọ́ ọn lára ni. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó wo ibẹ̀ títí.

"Olówó orí mi," ó pè mí. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ti gbéyàwó, ẹ mọ orúkọ yẹn. Tí wọ́n bá fi pè yín lọ́sàn-án gangan, ẹ wá ibi jókòó.

"Olówó orí mi, tábìlì mi dà?"

Dẹkọrétọ̀ ló dáhùn. "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ lẹ pupa mọ́ ọn? Bàbá ní ẹ yí ọkàn padà."

"Èmi? Tábìlì bàbá mi?"

Mo ń wo ògiri tuntun. Ó dára gan-an ni.

Obìnrin onítéèpù bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó fi èékánná gbo etí sítíkà àwọ̀ ewé. Kò mì. Ó gbo ó lẹ́ẹ̀kejì, èékánná rẹ̀ kán.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù ìwé ni mo ti ń ra tèmi, mo máa ń wá èyí tí kò lágbára, kó má bàa bó fáníìṣì. Tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ti já bọ́. Ẹ wo etí èyí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé e. Ẹni tó ṣe sítíkà yìí mọṣẹ́."

Ẹ dárí jì mí. Ọdún mẹ́rin ní pólì ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó yin sítíkà mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Gọ́ọ̀mù ìgò òògùn ló wà lẹ́yìn ẹ̀," mo ní. "Ẹ lè rẹ ẹ́ sómi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò ní yọ."

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Dẹkọrétọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé. "Tọkọtaya kejìlá," ó ní. Ó mú téèpù rẹ̀, ó rọra fa ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

Mo ń retí ariwo. Ariwo ì bá sàn. Ìyàwó mi kàn wò mí bí ó ṣe ń wo ìwé ọmọ tó jí ìdáhùn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ.

"Láti ọdún wo lẹ ti ń bá mi ṣàwàdà, mo bínú rí?" ó bi mí.

"Rárá."

"Èyí kì í ṣe àwàdà. Ẹ fi ọwọ́ mi lé tábìlì bàbá mi jáde. Ẹ sọ fún àlejò pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Ìwọ̀n káfíńtà."

Ó mi orí. "Ẹ lọ kà á fúnra yín. Àwọn tó ni ín báyìí á jẹ́ kí ẹ kà á."

Ó kó ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an níbi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀, ó ń máàkì lórí itan. Mo ní kó jókòó sórí sófà tuntun. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Mo mú tíì wá. Ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, àga mi ò gbà mí mọ́. Bí mo ṣe yí síhìn-ín ni mo ń yí sọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti dé ilé àwọn àgbàlagbà kí wọ́n tó kó abọ́ oúnjẹ àárọ̀ kúrò. Nọ́ọ̀sì kan mú mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tábìlì wà níbẹ̀, pátákó díráfù lórí ẹ̀, arúgbó mẹ́ta yí i ká. Ọkùnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́jà ló ń ta á. Ìyá àgbà kan tí gíláàsì rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò ló ń bá a ta á.

"Ẹ káàárọ̀ o," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, tábìlì yìí... àṣìṣe ló gbé e débí."

"Àṣìṣe ta ni?" Ṣọ́jà ò gbójú sókè.

"Tèmi ni."

"A dúpẹ́. Ẹ máa ṣe irú ẹ̀ lóòrèkóòrè."

"Bàbá, ti ìyàwó mi ni."

"Èyí tó wà níbí tẹ́lẹ̀ ga bí àjà," Ìyá Onígíláàsì sọ. "Ẹni tó ń ta díráfù lórí ẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ó ń yọjú lójú fèrèsé. Èyí ṣe déédéé wa. A ò fẹ́ pààrọ̀."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kàn wo abẹ́ ẹ̀. Mo tún ti gbàgbé gíláàsì mi sílé. Ìyá yọ tirẹ̀ lójú, ó fún mi. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ bí mẹ́káníìkì, mo wọ abẹ́ tábìlì.

Ìwọ̀n ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gígùn, ínṣì mẹ́rìndínlógójì. Ẹsẹ̀, ínṣì méjìlélógún.

"Kà á sókè," Ṣọ́jà pàṣẹ. "Àwa la ni ín."

Mo kà á sókè. Ohun tí bàbá ìyàwó mi fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ nìyí:

*Ọmọ mi, mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú kí ẹ̀yìn má bàa dùn ọ́ tí o bá ń ṣiṣẹ́ ìwé. Ọkọ rẹ ga. Yóò máa fi orúnkún gbá a. Má ṣe gbé e kúrò lọ́nà fún un. Bó bá ti ń gbá a, á máa rántí mi.*

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ọkùnrin tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí. Ó dẹ pańpẹ́ fún orúnkún mi kí n tó gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, ó sì fi ojú gbígbẹ kú pẹ̀lú ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń pe ara mi ní oníyẹ̀yẹ́ nínú ilé tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ ti ń fi mí ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ̀rín mú mi lábẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

"Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀ yẹn," Ṣọ́jà sọ. "Ẹ wò ó bóyá ó ti sùn."

Nígbà tí mo jáde, mo dá gíláàsì padà fún Ìyá. Ó nù ún kó tó fi í sójú, torí ó ti tutù.

Ṣọ́jà ti gbá ọmọ díráfù jọ. "Ọ̀gá, ẹ ta wá lọ́rẹ ohun tí kì í ṣe tiyín," ó ní. "Ẹ wá fi ohun tó jẹ́ tiyín gbà á padà. Kí lẹ ní nílé tó máa dùn yín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku ara aṣọ mi.

"Ó ní in," Ìyá Onígíláàsì sọ. "Ẹ wo ojú ẹ̀."

"Àga kan ni," mo ní.

"Ó rọ̀?"

"Ó rọ̀."

"Gbé e wá."

Mo pe alágbàrù onírùngbọ̀n yẹn, a jọ gba ilé lọ. Ìyàwó mi ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mi ò ṣàlàyé. A gbé àga, a ń lọ. A ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn."

Mo yíjú. Kì í ṣe olówó orí mi ló pè mí. Ó na kàlẹ́ńdà tí mo fi ń dí ẹsẹ̀ àga sí mi.

"Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ ẹ̀."

Ṣọ́jà wo àga mi yípo bí ẹni tó ń yẹ ìbọn wò. Ó fìdí lé e. Ó rì wọ inú rẹ̀ títí ó fi ku orí àti orúnkún. "Ta ló gbẹ́ kòtò yìí?" ó bi mí. Kó tó gbọ́ ìdáhùn, ó ti ń hanrun.

Tábìlì padà sílé. Ìyàwó mi ò wo orí ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ wá abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà tí bàbá rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ìparí, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ ti kà á?"

"Mo ti kà á. Má bínú. Irọ́ tí mo fi orúkọ rẹ pa ló burú jù."

"Òun ló burú jù," ó gbà.

"Ìgbà wo lo ti mọ ohun tó kọ?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún mi."

"O mọ̀! O sì ń wò mí níran tí mo ń fi orúnkún gbá a, tí mo ń jó lẹ́sẹ̀ kan?"

"Mi ò fi yín rẹ́rìn-ín rí níwájú yín," ó ní. "Kíṣìnnì ni mo máa ń lọ."

Mo ti fi kẹrosíìnì, mo ti fi ọṣẹ, mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, sítíkà pupa yẹn ò yọ lórí tábìlì. Dẹkọrétọ̀ wá, ó gbìyànjú, ó ní kí n fún òun ní orúkọ gọ́ọ̀mù náà. Ìyàwó mi ní ká fi í sílẹ̀. Orí ẹ̀ gan-an ló ń gbé ife tíì sí báyìí, tí mo bá sì ti ń parọ́ kékeré kan lọ́wọ́, á gbé ife kúrò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Tí dẹkọrétọ̀ bá fún yín ní sítíkà, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ti ìyàwó yín wà níbi tó lẹ̀ ẹ́ sí. Tí ohun tí ẹ fẹ́ bá wọ̀ yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ò sọ ọ́ lẹ́nu. Ìyàwó mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní mo kàn bẹ òun, òun ì bá ti jẹ́ kí n gbé Kòtò sí yàrá ẹ̀yìn.

Sátidé-Sátidé ni mo ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣọ́jà ní tí mo bá lè borí òun nínú díráfù, kí n jókòó sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Mi ò tíì borí rẹ̀ rí. Sítíkà àwọ̀ ewé ṣì wà lára àga náà, àwọn àgbàlagbà yẹn sì ti fi mọ̀ pé ó yẹ kó dúró.

Lánàá, mo ń gbé tíì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbà! Orúnkún mi bá a, tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," mo ní.

Láti kíṣìnnì, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín.